Ilẹ̀kùn Méjì Olùtọ́jú Ọkàn

Obìnrin tó máa ń gbá àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, inú sì ń bí i bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní àwọn ará àdúgbò ń purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n ní olùtọ́jú ọkàn tó wà lókè tú àṣírí obìnrin kan, ó sì fi sọ àbúrò obìnrin náà ọkùnrin di ọkọ ara rẹ̀. Ó ní òun wà níbẹ̀, tòun ti ìgbálẹ̀ òun, láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, inú bí èmi náà. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí káfíńtà kan kọ́kọ́ rí olùtọ́jú náà, orí ìkúnlẹ̀ ni olùtọ́jú wà.

Káfíńtà gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, ó fẹ́ lọ tún fèrèsé kan ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, tó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, tó lẹ etí ọ̀tún mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi lu nǹkan. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ kúulé o, màdáàmù. Ṣé ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé ni?"

"Rárá. Rédíò ni mò ń gbọ́."

Káfíńtà wò ó. "Ẹ kúkú wọlé kí ẹ lọ gbọ́ ọ dáadáa."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ni."

"Ta ló wá tàn án?"

"Èmi ni."

Ó rọra sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Igi ni mo kọ́, mi ò kọ́ àlọ́."

Ká ní inú kò bí obìnrin náà ni, ì bá rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo wá jókòó níwájú rẹ̀ fún wákàtí kan, kó sọ ohun tí kò lè sọ níbòmíràn, kí àwọn méjèèjì sì jọ wá bí ẹrù náà yóò ṣe fúyẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fún un ní ogún ènìyàn lójúmọ́, tí aṣọ títa lásán sì wà láàárín ẹni tó ń sunkún àti ẹni tó kàn. Ó pariwo títí, wọn kò dá a lóhùn. Ó bínú kúrò. Ó háyà yàrá yìí, ó ra àga méjì, ó sì gbé bẹ́ǹṣì kan síta fún àwọn tó ń dúró.

Oṣù kẹta ló pé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan jókòó nínú yàrá náà, ó sọ ohun tó ṣe nígbà èwe rẹ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó dé ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí olùtọ́jú: "Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní wá mọ́."

"Ilẹ̀kùn yìí ló tà á," obìnrin náà sọ. "Èmi jókòó sínú, mò ń fi dá a lójú pé kò séwu, ilẹ̀kùn sì ń tà á níta."

Káfíńtà fi eegun ìka kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tirẹ̀ náà yí padà.

"Èyí kì í ṣe ilẹ̀kùn. Páálí tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Inú rẹ̀ ṣófo. Ta ló kàn án?"

"Onílé ló gbé e wá."

"Irú wọn ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Wọ́n á gba owó igi, wọ́n á kan afẹ́fẹ́ fún ènìyàn."

Ohun tó kọ́kọ́ so àwọn méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà, kì í sì í ṣe ẹ̀rín. Ìbínú ni, inú àwọn méjèèjì sì ń bí wọn sí ohun kan náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe ilẹ̀kùn tuntun. Pákó nípọn méjì ni, ó ki òwú sáàárín wọn, ó sì fi rọ́bà yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Nígbà tó fẹ́ gbé e kọ́, ó dúró, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo yàrá.

"Màdáàmù, ẹni tó bá ń jáde, ta ló máa ń pàdé?"

"Ẹni tó ń wọlé."

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, ṣé ó máa fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun?"

Obìnrin náà wo bẹ́ǹṣì náà. Ọdún mọ́kànlá láàárín àwọn dókítà, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Káfíńtà fi ìka hàn án pé ògiri ẹ̀yìn yàrá náà kò ju pákó lọ, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sì wà lódìkejì rẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì lè wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá parí máa gba ibẹ̀ lọ. Onílé ní òun kò gbà. Olùtọ́jú bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí láìgbé ohùn sókè, onílé sì ń fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bó ṣe ń sọ pé òun ti gbà, òun ti gbà. Agbálẹ̀ tó sọ ọ́ fún mi rí i lójú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, káfíńtà ní kí obìnrin náà dúró síta kí òun wọlé sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi dán ilẹ̀kùn wò. Ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, káfíńtà ṣílẹ̀kùn, ojú ń tì í díẹ̀.

"Kí lẹ sọ?"

"Tí ẹ bá gbọ́ ọ, á jẹ́ pé iṣẹ́ mi ò dáa."

"Mi ò gbọ́ ọ. Ẹ wá sọ fún mi."

"Ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yìí kì í jáde. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ilẹ̀kùn méjì yẹn sọ ọ́ di mímọ̀. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kan pé ibì kan wà tí ògiri kò ti létí. Wọ́n ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ń gba mẹ́fà lójúmọ́, ó di méje, ó di mẹ́sàn-án. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá dá ẹnì kan padà, ẹlòmíràn kò ní wá. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kí obìnrin kan tó jókòó níwájú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

Opó ni obìnrin náà. Nítorí ikú ọkọ rẹ̀ ló ṣe ń wá.

 Opó náà mú àpò rẹ̀, ó sì dìde. Olùtọ́jú kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò padà wá. Ó ń dun olùtọ́jú títí dòní.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹni tó ń gbọ́ tiwọn náà. Tirẹ̀ ni arúgbó obìnrin kan tó kọ́ ọ níṣẹ́, Ìyá Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó lọ sọ ohun tó ṣe fún un. Ìyá Olùkọ́ kò tù ú nínú.

"Mẹ́sàn-án lójúmọ́. Etí mélòó lo ní?"

"Méjì ni, Mà."

"O bínú kúrò níbi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn jọ bí erùpẹ̀, o wá lọ kọ́ irú rẹ̀ síbòmíràn, o fi ilẹ̀kùn tó dáa sí i. Kànga tí wọn ò jẹ́ kó sun, ẹrẹ̀ ni wọ́n máa pọn nínú ẹ̀. Márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ lé. Fi wákàtí ọ̀sán sílẹ̀ lófìfo. Ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà àti fún èmi. Àwọn tí o ò bá lè gbà, wá olùtọ́jú míì tó mọ iṣẹ́ kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ṣé ìwọ nìkan ló létí láyé ni?"

Inú bí i bó ṣe ń lọ sílé, nítorí pé òtítọ́ ni. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún, kò sí àyè kankan tó ṣófo nínú àwọn márùn-ún náà. Wákàtí ọ̀sán nìkan ló wà lófìfo.

Wákàtí òfìfo yẹn ni káfíńtà ń bá wọlé.

"Mo wá wo ilẹ̀kùn."

"Èyí tí ẹ wò lánàá?"

"Igi tútù ni. Ó máa ń yí padà."

"Igi tútù lẹ fi kan ilẹ̀kùn mi?"

"Rárá o. Igi gbígbẹ ni. Irọ́ ni mo pa."

Ó gbé àpótí kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orí rẹ̀ ló máa ń jókòó. Kò fẹ́ jókòó sórí àga àwọn aláìsàn, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n wo òun sàn lójijì. Ó ń pe olùtọ́jú ní Elétí. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ "ẹ" kúrò láàárín wọn. Wọ́n á jọ jẹ búrẹ́dì, wọ́n á jọ bínú. Elétí á bínú sí ilé ìwòsàn ńlá, káfíńtà á bínú sí àwọn tó ń ra ìṣó olówó pọ́ọ́kú. Bí ìbínú bá ti tán, ẹ̀rín ló kù.

"Adúmáradán, gbogbo ọjọ́ lò ń gbọ́ tàwọn ẹlòmíràn. Ta ló ń gbọ́ tìẹ?"

"Ìyá Olùkọ́. Àti ọkùnrin kan tó ń purọ́ mọ́ igi."

Káfíńtà sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tí ìyá òun kú. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló tọ́ òun, òun ni ìyá, òun ni bàbá. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀, kó bá òun lọ kí i. Obìnrin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó gbà.

Láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni tíṣà kan wà, obìnrin tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tó máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìbínú ló gbé e wá. Ó ń jágbe mọ́ ọmọ iléèwé títí ohùn rẹ̀ fi ń há. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ó tó sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ kan lé òun lọ́wọ́ nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ òun ní òun kò lè gbé ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lọ. Òun tọ́ ọmọ náà, òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òwúrọ̀ kan wà tí òun ń wò ó bó ṣe ń sùn, tí òun ń sọ nínú ara òun pé, "Ìwọ lo jẹ ayé mi." "Ọmọ náà" ló máa ń pè é, bí ẹni pé kò tíì dàgbà. Kò wá sí olùtọ́jú lọ́kàn pé ọmọ náà ti di ọkùnrin tó ní ayùn àti ṣọ́ọ̀bù.

Ní Sátidé, ní ọ̀sán gangan, káfíńtà kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà ló ṣí i.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Àṣà iṣẹ́ olùtọ́jú ni pé tí òun bá pàdé ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ òun níta, òun kì í kọ́kọ́ kí i. Ó kàn dúró. 

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mo sọ fún yín nìyí," káfíńtà sọ, inú rẹ̀ ń dùn.

Tíṣà di férémù ilẹ̀kùn mú. "Mi ò fẹ́ obìnrin yìí nínú ilé mi."

"Kí ló dé? Ẹ mọ̀ ọ́n rí ni?"

"Mo ní mi ò fẹ́ ẹ. Mú un lọ."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Káfíńtà yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú títì. "Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò lè sọ."

"Kí ni o ò lè sọ?"

"Mi ò lè sọ bóyá nǹkan kan wà tí mi ò lè sọ."

"Má fi iṣẹ́ rẹ bá mi sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

 Lọ́jọ́ kejì olùtọ́jú lọ bá Ìyá Olùkọ́, ìyẹn sì sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún un: ènìyàn kò lè jókòó gbọ́ ẹ̀gbọ́n, kó tún máa fẹ́ àbúrò. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. "Èwo lo fẹ́ jù sílẹ̀?" "Ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ ni mi ò lè jù sílẹ̀, Mà." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọjọ́ Ajé, ní wákàtí òfìfo, káfíńtà dé. Kò jẹ́ kó jókòó.

"Má wá mọ́," ó sọ fún un. "Mi ò sì lè sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ."

Káfíńtà gbé àpótí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iná wà nínú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn fún ẹ, òun náà lo wá tì mọ́ mi lójú." Ó gba iwájú lọ, kò gba ẹ̀yìn. Ó kọjá lára agbálẹ̀ láìkí i, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà wọlé ní àsìkò rẹ̀. Kò jókòó. "Ẹ" ló máa ń fi bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ. O jókòó síbẹ̀, o gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nípa rẹ̀. Kí lo ti sọ fún un?"

"Kò sí. Kò mọ̀ pé ẹ mọ ibí yìí. Mo sì ti ní kó má wá mọ́."

 Ìgbà náà ni tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bínú gan-an.

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ọmọ náà ò jẹun láti Sátidé. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi lọ nítorí rẹ̀, kí n wá lé tirẹ̀ lọ nítorí mi? Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí, ká máa san án fún ara wa títí a ó fi kú?"

"Ta ni ẹ rò pé ó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?" olùtọ́jú bi í. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Tíṣà jókòó nígbà náà títí wákàtí fi pé. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

Àárín èérún igi ló ti sọ ọ́ fún un, lórí ìdúró: ọdún tí wọ́n gbé e lé òun lọ́wọ́, ọkùnrin tó lọ, àwọn òwúrọ̀ yẹn. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni mo ti ń sọ ọ́. Kò sọ fún ẹ torí pé kò gbọ́dọ̀ sọ. Òun ló yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Káfíńtà fi ayùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọmọ ọdún méje ni mí, mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá ìkòkò jà nílé ìdáná. Mo mọ̀ pé èmi lẹ̀ ń bá jà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ ò bínú sí mi lójú rí. Ì bá sàn kí ẹ bú mi lẹ́ẹ̀kan kó tán."

"Ọ̀lẹ," tíṣà sọ. "Oníwàhálà ọmọ. Ìwọ lo jẹ ẹran orí àwo mi fún ọdún mẹ́rìnlá."

"Mo jẹ ẹ́. Ó dùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sunkún, èérún igi lẹ̀ mọ́ wọn lójú.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi òun lé Ìyá Olùkọ́ lọ́wọ́. Ìyá Olùkọ́ gbà, ṣùgbọ́n ó sọ fún àwọn méjì tó kù pé ọdún kan gbáko gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìgbà tí tíṣà jókòó kẹ́yìn sórí àga yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àga náà ni wọ́n fi ra ìyàwó. Inú bí wọn. Wọ́n dúró. Káfíńtà kò gun àtẹ̀gùn náà fún ọdún kan. Ó kàn ń fi páálí kékeré rán agbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì máa ń kọ sí i ni: "Ilẹ̀kùn ńkọ́?" Èsì kan náà ló máa ń gbà: "Kò tíì yí padà."

Ọjọ́ tí ọdún pé, ní wákàtí òfìfo, ó dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí Elétí dúró síta bí ti ìjọ́sí. Ó wọlé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò ti ilẹ̀kùn.

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Mo ní, 'Obìnrin yìí ń bínú nítorí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ aya mi.'"

"Láti ọjọ́ tí o parí iṣẹ́?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

"O wá jẹ́ kí n máa fojú sọ́nà láti ìgbà yẹn."

"Ilẹ̀kùn tó dáa ni mo kàn."

"Ó dáa jù. Inú ń bí mi sí i." Ó wọ inú yàrá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi mú. "Mo gbọ́."

"Gbígbọ́ nìkan?"

"Mo gbà."

Tíṣà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ti máa ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ó tó," ó sọ. "Ẹnì kan ń bọ̀ ní aago méjì. Ẹ má fi ìfẹ́ dí ọ̀nà fún aláìsàn."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni tíṣà ṣí. Agbálẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ó fa ìgbálẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fún un. Ó sọ fún mi pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí tíṣà fi ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń dúró ní àtẹ̀gùn kẹta, kó yíjú wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, ó kí i kú ọ̀sán, ó kọjá àtẹ̀gùn kẹta, ó kọjá ìkẹrin, ó dé ìsàlẹ̀, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà nínú oòrùn, kò wẹ̀yìn.